Àyà Tó Ń Lù Kì Í Sọ Ìdí Rẹ̀

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan ẹni tí wọn yóò fẹ́ pé: "Ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí kẹ́mísírì láàárín wa." Mo sì ti gbọ́ ìkejì rẹ̀: "Mo mọ̀ pé kì í tọ́jú mi, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì tó wà láàárín wa kò ṣeé fẹnu sọ." Ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ́mísírì ni bí ara àti ọkàn ṣe máa ń fà sí ẹnì kan. Èmi náà sọ gbólóhùn kejì yìí fún ọdún gbọọrọ. Mo fi gbèjà ohun tí kò yẹ kí n fara dà, mo sì fi pa àwọn tó fẹ́ràn mi lẹ́nu mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń sọ ọ́ lónìí, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì bó ti ń sọ ọ́, tó sì gbà pé lílù àyà yẹn gan-an ni ẹ̀rí ìfẹ́.

Nígbà tí mo pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ayé mi kò dúró sójú kan. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ń dá àwọn ènìyàn dúró, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kàn. Bàbá mi wà nílé ìwòsàn. Mi ò rí oorun sùn dáadáa, oúnjẹ kò wù mí jẹ, bí fóònù bá sì dún, gbogbo ara mi ni yóò gbọ̀n nítorí mi ò mọ̀ bóyá ìròyìn burúkú ló dé. Inú ipò yẹn ló ti bá mi. Ẹnì kan tí àwa méjèèjì mọ̀ ló fi wá mọ ara wa. Ó jókòó tì mí, ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí, ó fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn mi, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, àyà mi ń lù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbóná, oorun kò kùn mí rárá. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, òun ló dé yìí.

Kò sí ẹni tó rán mi létí pé àyà mi ti ń lù tipẹ́ kí ó tó dé.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí n tó ka iṣẹ́ ìwádìí kan tí Donald Dutton àti Arthur Aron gbé jáde ní ọdún 1974. Afárá méjì ni wọ́n lò ní Kánádà. Ọ̀kan ni afárá Capilano ní North Vancouver, èyí tí wọ́n fi okùn irin so rọ̀ sókè àfonífojì, tó ga tó nǹkan bíi mítà 70 sí odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀, tó sì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń gbà á kọjá. Èkejì kò ga, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan dúró de àwọn ọkùnrin lórí afárá, ó bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ìtàn kékeré kan, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pé kí wọ́n pe òun bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa iṣẹ́ náà. Àwọn tó bá pàdé lórí afárá tó ń mì pè é ju àwọn ti afárá kejì lọ fíìfíì, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ sì pọ̀ jù nínú ìtàn tí àwọn yẹn kọ. Ẹ̀rù ń ba ara, ara ń wá ìdí rẹ̀, ojú rí obìnrin tó dúró níwájú, ọkàn bá gbà pé obìnrin náà ni ìdí. Nígbà tí mo kà á tán, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, àti bí mo ṣe máa ń jáde níbẹ̀ tààrà lọ bá ọkùnrin náà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé a máa ń kó pọ̀ tí a bá ní kẹ́mísírì wà, nítorí àkópọ̀ yẹn ló kó bá mi. Òòfà ara wà níbẹ̀: ohùn ẹni náà, òórùn ara rẹ̀, bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ìrọ̀rùn ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: kí ẹ máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìwá ọ̀rọ̀ tì, kí ohun kan náà máa pa ẹ̀yin méjèèjì lẹ́rìn-ín. Ìjayà náà sì wà níbẹ̀: mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá yóò pè lónìí. Gbogbo rẹ̀ lè dé lẹ́ẹ̀kan náà lára ẹnì kan ṣoṣo, ara kì í sì fi àmì sí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òòfà ara dára. Ìrọ̀rùn ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì níye lórí ju bí a ṣe máa ń kà á sí lọ. Ìjayà ni èmi fi ọdún mi sìn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Yóò pè láàárọ̀, yóò pè lọ́sàn-án, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ni mo máa fi sùn. Yóò sọ̀rọ̀ ibi tí a máa gbé, orúkọ tí a máa sọ ọmọ wa. Lẹ́yìn náà, yóò dákẹ́. A ò jà, kò ṣàlàyé, fóònù kàn máa dákẹ́ lọ ráúráú ni. Lákọ̀ọ́kọ́ màá rò pé iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Bó bá tún di ọjọ́ kejì, màá máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ní àkàtúnkà, bóyá màá rí ọ̀rọ̀ tí mo sọ tí kò dára. Tó bá wá pẹ́ díẹ̀ sí i, iṣẹ́ kò ní ṣeé ṣe fún mi mọ́. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá padà yọ lójú fóònù, ayọ̀ tó máa bá mi, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí àyàfi tí ẹ bá ti wà níbẹ̀ rí. Ara mi á fúyẹ́. Màá máa kọrin kiri ilé. Màá ti dárí jì í kí ó tó bẹ̀bẹ̀, kì í sì í bẹ̀bẹ̀. Ayọ̀ yẹn ni mò ń pè ní kẹ́mísírì. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ayọ̀ ẹni tí wọ́n sọ ẹrù wúwo kalẹ̀ lórí rẹ̀ ni, àti pé ẹni tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ náà ló ń gbé e rù mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí ìdáhùn sí. Wọ́n ní, "Kí ni ọkùnrin yìí máa ń ṣe fún ọ tí o fi fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ mi yé e. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí sáyé ni."

Wọ́n ní, "Mi ò bi ọ́ nípa bó ṣe ń ṣe ọ́. Ohun tó ṣe ni mò ń bi ọ́. Nígbà tí a wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú Bàbá, ṣé ó yọjú?" Kò yọjú. "Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ló ṣe?" Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tó dákẹ́ ni.

Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nílé ọkọ, pé wọn ò lè rántí bó ṣe máa ń rí mọ́. Wọ́n wò mí, wọn ò fèsì, wọn ò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí tí èmi fúnra mi fi padà wá bá wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, nítorí mo mọ iye ènìyàn tó ń jìyà rẹ̀. Ní ọdún 1979, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Dorothy Tennov fi orúkọ kan sọ ipò tí ènìyàn máa ń wà tí ẹlòmíràn kan kì í fi í kúrò lọ́kàn rẹ̀: limerence ló pè é. Ohun tó sọ tó gún mi jù lọ ni pé ìrètí tó dà pọ̀ mọ́ iyèméjì ló ń bọ́ ọ. Bí o bá ní ìdánilójú pé ó fẹ́ ọ, ó máa ń rọlẹ̀. Bí o bá ní ìdánilójú pé kò fẹ́ ọ, ó máa kú bópẹ́bóyá. Àárín méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ní ọdún 2011 Erin Whitchurch, Timothy Wilson àti Daniel Gilbert dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin tó wà ní yunifásítì. Wọ́n sọ fún wọn pé àwọn ọkùnrin kan ti wo ojú ewé wọn lórí Facebook. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àwọn ọkùnrin náà fẹ́ràn wọn gan-an, wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé wọ́n fẹ́ràn wọn níwọ̀nba, wọ́n sì sọ fún àwọn tó kù pé ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìyẹn. Àwọn tí kò mọ èwo ni èwo yìí ni ọkàn wọn fà jù sí àwọn ọkùnrin náà, àwọn náà ló sì ń ronú nípa wọn jù.

B. F. Skinner, òun náà onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti rí irú rẹ̀ lára ẹyẹlé tipẹ́tipẹ́. Ẹyẹlé tó bá ń fi ẹnu ṣá nǹkan tó sì ń rí oúnjẹ nígbà gbogbo, tí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, kì í pẹ́ fi í sílẹ̀. Èyí tí oúnjẹ máa ń dé fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò ní àkókò kan pàtó, kò ní tètè yéé ṣá a kódà lẹ́yìn tí oúnjẹ ti tán. Dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó ń mú wa lépa nǹkan, kì í fi bẹ́ẹ̀ ru sókè fún ohun tí a ti mọ̀ pé yóò dé. Èyí tó bá já lù wá láìròtẹ́lẹ̀ ló máa ń ru ú. Nítorí náà, ọkùnrin tó ń pè mí nígbà tó wù ú kò nílò láti jẹ́ ẹni ńlá kankan kí gbogbo ara mi tó máa dúró dè é. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo gbà pé kò mọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa fún un ní irú ẹ́nájì, ìyẹn ìtara, tó bá fún mi. Bó bá dákẹ́, kí n dákẹ́. Bó bá fi wákàtí méjì fèsì, kí n fi mẹ́rin fèsì. Mo ṣe é. Màá ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ láì ṣí i, màá gbé fóònù dojú bolẹ̀, màá máa wo aago. Ó sì ṣiṣẹ́ o: ó sáré padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé mo ti borí. Ohun tí mo ṣe gan-an ni pé mo fi ìjayà mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀. Òun náà ò mọ ibi tí mo dúró mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ara tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àwa méjèèjì ń sá pamọ́ fún ara wa, a sì ń pè é ní ìfẹ́ tó le. Ìbéèrè kan tí mo lè ti bi í láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò bi í nítorí ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí: "Kí lo fẹ́ kí èmi àti ìwọ jẹ́ sí ara wa?" Nígbà tí mo wá bi í níkẹyìn, ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, ó gbá mi mọ́ra, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìdáhùn nìyẹn. Mo tún dúró fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìdáhùn yẹn.

Bó ṣe parí kò ní ariwo. Ó jókòó sí iwájú mi, ó sọ òótọ́ fún mi bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́: kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ lára òun mọ́, ẹ́nájì tó wà láàárín wa ti lọ, òun ò sì mọ ibi tó gbà lọ. Ìbànújẹ́ wà lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń sìn. Èmi gbà pé níwọ̀n ìgbà tí àyà bá ṣì ń lù, ìfẹ́ wà. Òun gbà pé tí àyà bá ti rọlẹ̀, ìfẹ́ ti tán.

Ká ní ẹnì kan ti sọ fún wa pé ó gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ ni! Donatella Marazziti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 20 tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára wò ní ọdún 1999. Ohun kan tó jẹ mọ́ serotonin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ bíi ti àwọn tó ní àìsàn tí ń mú ni ro ohun kan ní àrotúnrò. Nígbà tí wọ́n tún yẹ díẹ̀ nínú wọn wò lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún kan, ó ti padà sí bó ṣe yẹ. Ara kò lè máa wà nínú ipò yẹn títí láé, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí ènìyàn ní láti sùn, ó ní láti ṣiṣẹ́, ó sì ní láti ronú nípa ohun mìíràn.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo búra pé kẹ́mísírì kò ní tan mí mọ́. Ẹni tó kàn jẹ́ ọmọlúàbí. Ohun tó bá sọ ló máa ń ṣe, ìgbà tó bá dá ló máa ń pè, àwọn ènìyàn mi fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí ó fọwọ́ kàn mí. Kò sí ohun tó ṣe fún mi. Ara mi ló kàn ń sá fún un. Mo rò pé bí ìfẹ́ tó lọ́gbọ́n nínú ṣe máa ń rí nìyẹn, mo sì ń fi ìmoore dípò ìfẹ́. Ènìyàn máa ń mọ̀ bí ẹni tó wà pẹ̀lú òun bá kàn ń fara da òun. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé ìwọ gan-an lo fẹ́ mi, àbí o kàn rò pé ó yẹ kí o fẹ́ mi?" Mi ò lè gbójú sókè. Mo ti jẹ́ kí ó bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa mi.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òòfà ara kò jámọ́ nǹkan, pé tí ìwà bá ti dára ohun gbogbo á bọ́ sípò, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ara ní ohun tirẹ̀ tó ń sọ. Ní ọdún 1995, Claus Wedekind ní Switzerland ní kí àwọn obìnrin gbóòórùn ẹ̀wù tí àwọn ọkùnrin ti wọ̀ sùn. Òórùn àwọn tí jíìnì tó ń gbógun ti àìsàn nínú ara wọn yàtọ̀ sí tiwọn ló dùn mọ́ wọn jù. Lára àwọn tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Mi ò ní kí imú máa yan ọkọ tàbí aya fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ara fẹ́ tàbí kí ó kọ̀ nítorí ohun tí kò kan ìwà ẹni náà rárá, àti pé ẹni tí ara yín bá kọ̀, ẹ ò lè fi ẹ̀bẹ̀ mú un gbà. Ẹ tètè jẹ́ kí ẹni náà lọ wá ẹni tí ara rẹ̀ yóò yọ̀ mọ́ ọn.

Nǹkan kan wà tí mo ní láti fi ojú kàn kí n tó lè ní ìfararọ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Nílé tí mo dàgbà sí, a máa ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà kí a tó mọ irú alẹ́ tí a máa ní. Mo fẹ́ràn bàbá mi, wọ́n sì fẹ́ràn wa. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti mọ bí a ṣe ń dúró de inú dídùn ẹlòmíràn, àti bí ayọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó lọ́jọ́ tó bá dé. Cindy Hazan àti Phillip Shaver kọ ọ́ ní ọdún 1987 pé bí ọmọ ṣe ń so mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ, irú rẹ̀ ni a tún máa ń rí nínú ìfẹ́ àgbàlagbà. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ yẹn, ó yé mi ìdí tí ọkùnrin tó ń dákẹ́ tó sì ń padà wá fi dà bí ẹni tí mo ti mọ̀ rí lójú mi. Ara mi mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá pàdé ẹnì kan tí ẹ sì ní, "Ó dà bíi pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́," ẹ bi ara yín pé ta ni ẹ mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, kí ni wíwà lọ́dọ̀ ẹni yẹn sì mú bá yín.

Ẹni tí mo ń fẹ́ báyìí, ojú mi rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn mi kò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. A jọ ń kọ́ èdè tuntun kan nírọ̀lẹ́ ni. Olùkọ́ fi wá sí ìjókòó kan náà, a sì ń bá ara wa sọ èdè tí kò tíì yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu dáadáa. Robert Zajonc fi hàn ní ọdún 1968 pé ohun tí a bá ń rí lemọ́lemọ́ máa ń wọ̀ wá lójú, àní bí a kò bá tiẹ̀ fọkàn sí i. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mo máa fi tèmi kún un: ẹni tó bá ń bí yín nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, rírí i lójoojúmọ́ kò ní tún un ṣe. Òun kò bí mi nínú rí. Mo kàn ń gbádùn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn láìmọ ìdí. Ní ọjọ́ kan ó ń ṣàlàyé nǹkan kan, mo bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Òòfà ara pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, kò sì sí ìjayà kankan tó tẹ̀ lé e. Mo ti ń wo aago lọ́dọ̀ ẹni jẹ́jẹ́ tí mo fi sílẹ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ máa ń ṣú bá mi ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ́nájì wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi lọ́nà mìíràn. Tẹ́lẹ̀, bí ara mi bá gbóná lọ́dọ̀ ènìyàn ni mo máa ń wò. Nísinsìnyí, ọjọ́ kejì ni mò ń wò. Lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́, inú mi á dùn títí di òru, lẹ́yìn rẹ̀ mi ò ní lágbára fún ohunkóhun. Iṣẹ́ mi ń bàjẹ́, mi ò pe ìyá mi, mi ò ka ìwé. Lẹ́yìn tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni ti ìsinsìnyí, mo máa ń délé tún ilé ṣe, màá kọ lẹ́tà tí mo ti ń sún síwájú. James Coan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan kan ní ọdún 2006 tó bá èyí mu. Wọ́n gbé àwọn obìnrin 16 tó ti ṣègbéyàwó sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì sọ fún wọn pé iná mànàmáná lè ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbàkúùgbà. Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ ọkọ wọn mú, ọpọlọ wọn kò ṣe wàhálà tó bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n dá wà. Ọwọ́ àjèjì dín in kù díẹ̀, kò tó ti ọkọ. Àwọn tí ìgbéyàwó wọn dùn jù ni ara wọn tún rọlẹ̀ jù. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá yẹ yín máa ń dín iye agbára tí ara yín ń ná kù. Tí ẹ bá ń ná agbára yín sí i láti wà lọ́dọ̀ ẹnì kan, tí ẹ ń wọn ọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́, tí ẹ ń fetí sí ohùn rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ lè rẹ́rìn-ín, ará, ẹ̀rù ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbínú rẹ̀ ló ń já yín láyà, ẹ má ṣe jókòó máa ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé, kí ẹ sì wá bí ẹ ṣe máa kúrò níbẹ̀ láìfarapa.

Ohun kan tí mo ṣe tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìmọ̀ràn lọ ni ìwé kékeré kan. Nígbà tí èmi àti ẹni ti ìsinsìnyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ń kọ ohun tó ṣe àti ohun tó sọ sínú rẹ̀, mi ò kọ bó ṣe rí lára mi rárá. "Ó ní òun máa pè lálẹ́, ó pè." "Mo ní mi ò lè wá, ó ní kò burú, kò sì dín ọ̀rọ̀ kù sí mi lọ́jọ́ kejì." "Ó gbàgbé ohun tí mo sọ fún un, mo rán an létí, ó ní kí n má bínú." Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń dáhùn díẹ̀díẹ̀ lórí ìwé. Mo gbìyànjú láti kọ irú rẹ̀ sẹ́yìn nípa ẹni àkọ́kọ́, bí mo ṣe lè rántí sí, ojú ewé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọdún ló kọjá níbẹ̀. Ẹ tètè wá ìdí láti sọ "rárá" nínú ọ̀rọ̀ kékeré, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ jọ ṣe ohun tí kò dùn rárá, bíi kí ẹ jọ tò sórí ìlà gígùn lójú ọ̀sán. Kẹ́mísírì tó bá ti ìjayà wá máa ń rù hangogo níbi tí kò sí ohun tó ń mì.

Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn ọjọ́ kan wà tí ara mi máa ń ṣàfẹ́rí lílù àtijọ́ yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo rò pé ohun gbogbo ti tún bàjẹ́, mo sì pa á mọ́ sínú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un níkẹyìn, kò bínú. Ó ní òun náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, kí la lè ṣe? Mo rántí pé Arthur Aron, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe iṣẹ́ afárá ọjọ́sí, tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2000. Wọ́n so tọkọtaya pọ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rákò kọjá lórí ẹní tó ní ìdènà láàárín, fún ìṣẹ́jú 7 péré. Àwọn tó ṣe é sọ pé inú àwọn dùn sí ìgbéyàwó àwọn ju àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tí kò lárinrin lọ. Àyà tó ń lù kò mọ ìdí rẹ̀, ó ṣeé lò fún rere nígbà náà. Mo sọ èyí fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá nǹkan tó ń ba àwa méjèèjì lẹ́rù. A ti forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa, ẹ̀rù omi sì ń bà á jù mí lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀.